Garawa Iyanrìn Ìyá Jàlálù

Ohun mẹ́ta kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Mọ́ríátù: garawa iyanrìn gbígbẹ, àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi, àti ọmọrí irin tó fẹ̀ ju ẹnu agbada lọ. Ibi tí ẹ bá bá wọn lónìí, ibẹ̀ náà ni ẹ ó bá wọn lẹ́ẹ̀mìíràn. Iyanrìn wà fún òróró tó bá dà sílẹ̀ tó gbiná. Àpò wà fún aṣọ tó bá gbiná lára ènìyàn. Ọmọrí wà fún agbada fúnra rẹ̀, nítorí iná inú òróró kò fẹ́ omi. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa á. Gbogbo obìnrin tó bá ti dáná lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlobù ló lè kà á bẹ́ẹ̀ láìwòwé.

Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọláṣùmbọ̀, tí ọgbà kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti ti Mọ́ríátù níyà, kì í pè é ní Ìyá Jàlálù bí àwọn tó kù.

"Panápaná wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iyanrìn se ọbẹ̀!"

Mọ́ríátù a dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín: "Ọbẹ̀ oníyanrìn sàn ju ilé eléérú lọ, Ọláṣùmbọ̀."

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí kò mọ ibi tí garawa náà ti wá. Ìfọ́n ni wọ́n bí Mọ́ríátù sí, Ìlobù ló lọ́kọ sí. Nígbà náà, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni láàárín ìlú méjèèjì. Wọ́n máa ń wí pé ìyàwó lè gbé ọbẹ̀ kaná nílé ọkọ, kó sáré lọ kí ìyá rẹ̀, kó sì padà dé kí ọbẹ̀ tó jinná. Iléyá àkọ́kọ́ tó ṣe nílé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ fa agbada ẹran lé e lọ́wọ́. Iyì ńlá ni fún ìyàwó tuntun. Ó yíjú láti mú iyọ̀, kó tó yíjú padà, òróró ti gbiná. Ó bu omi nínú amù, ó dà á lé e. Iná náà fò sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó gbá òrùlé koríko mú, ó jẹ ilé ìdáná, ó jẹ ẹran, ó jẹ iṣu tí wọ́n kó jọ sí àjà. Ó jẹ Mọ́ríátù náà lápá ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní òun ò mọ̀.

Àwọn àgbà ilé gbà á gbọ́. Wọ́n ní iná lásán kì í rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Wọ́n bá ń wá ọwọ́ ayé náà kiri títí ojú wọn fi bà lé orogún ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó kan tí kò bímọ, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ Ìfọ́n ni òun náà. Òun ló kọ́ Mọ́ríátù ní oríkì ilé ọkọ rẹ̀. Wọn ò lù ú, wọn ò lé e. Wọ́n kàn ṣíwọ́ dídá a lóhùn ni. Yóò kúnlẹ̀ láàárọ̀, yóò ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o," ilé yóò sì dákẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kí wọn. Lọ́jọ́ kejìlá ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìfọ́n, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ́ríátù la ẹnu láti sọ pé omi ni òun dà sí òróró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á dé. Lọ́sẹ̀ tí arúgbó náà lọ, ó mú garawa, ó lọ bu iyanrìn létí odò. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni garawa náà fi wà lẹ́bàá ààrò, kò ṣófo rí, àfi lọ́jọ́ Iléyá tí a fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún tó ṣáájú Iléyá náà, ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n láti ayé àwọn baba ńlá tún ru sókè. Ilé jó níhìn-ín, ilé jó lọ́hùn-ún. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn sójà dúró sí oríta. Nígbà tí Iléyá fi dé, ọ̀nà ti là, ọjà ti ń ná, ṣùgbọ́n etí ò tíì sinmi. Bí páànù kan bá já lulẹ̀, ọkùnrin márùn-ún ni yóò dìde dúró. Ilé Mọ́ríátù ló sì kẹ́yìn Ìlobù lọ́nà Ìfọ́n. Èéfín tó bá ti ibẹ̀ jáde, ìlú méjèèjì ló ń rí i.

Jàlálù, ọmọ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìbàdàn, dé lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣọdún, pẹ̀lú Fọláyẹmí ìyàwó rẹ̀ àti Hàfúsátù ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá kí ẹran má bàa bàjẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò kan wá pẹ̀lú.

"Ìdí igi kajú," ni ìyá rẹ̀ wí, kó tó kí i káàbọ̀ tán. Igi kajú wà ní òpin ilẹ̀ rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á.

"Màmá, wọ́n á jí i gbé níbẹ̀ o. Ẹ mọ iye tí epo dà báyìí?"

"Ẹni tó bá jí i gbé, ó bá mi gbé ewu kúrò nílé. Ìdí igi kajú, Jàlálù."

"Ó dáa, Màmá."

Ó gbé e dé ìdí igi kajú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ láti lọ sí yídì, àyà Jàlálù kò balẹ̀ lórí epo náà. Ó gbé e wá sílé ìdáná, ó tì í sẹ́yìn igi ìdáná tí wọ́n tò jọ lébè lébè, níbi tí ìyá rẹ̀ kò ti ní bẹ̀ ẹ́ wò. Ó wò yíká ohun tí yóò fi bò ó. Àpò ìdọ̀họ ló rí. Ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi bo kẹ́ẹ̀gì.

Nígbà tí wọ́n ti yídì dé tí wọ́n sì dúńbú àgbò, ẹ̀jẹ̀ kún kòtò. Ní ilé wọn, wọn kì í fi ẹ̀jẹ̀ àgbò sílẹ̀ níhòòhò kí ajá má lọ lá a. Iyanrìn ni wọ́n ń rọ́ lé e kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ dí i. Iyanrìn wo ló yá ju ti garawa lọ? Jàlálù rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, ó gbé garawa padà síbi tó wà, ó sì fi igbá dé e lórí bó ṣe bá a. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá jẹun tán, òun yóò lọ bu òmíràn.

Mọ́ríátù jókòó ti agbada láti ìgbà tí oòrùn ti wà láàárín orí. Ẹran kún abọ́ mẹ́ta: ti ilé, ti àwọn aládùúgbò, ti aláìní. Ìkẹrin wà lórí ọmọrí irin, tó dojú rẹ̀ délẹ̀ bí àwo nítorí abọ́ ti tán nílé. Èyí ni ti Màríámọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìfọ́n. Kò sí Iléyá kan tí kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí i, àfi ọdún tí ọ̀nà dí.

Ó na ọwọ́ sí ibi àpò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Jàlálù! Àpò mi dà?"

"Mo sá a sóòrùn ni, Màmá," ni Jàlálù dáhùn láti ìta. "Ó ti ń rùn."

"Jẹ́ kó máa rùn. Lọ mú un wá."

"Mo ń bọ̀, Màmá." Fóònù rẹ̀ bá dún, ó sì bá ẹni tó pè é sọ̀rọ̀ lọ sí iwájú ilé.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, Mọ́ríátù dìde. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. "Fọláyẹmí, bí òróró bá ń rú èéfín, fa igi jáde lábẹ́ rẹ̀. Má fi ẹran tí omi ń ro lára rẹ̀ sí i. Má sì jẹ́ kí ọmọdé wọbí."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ẹ lọ kírun yín."

Fọláyẹmí kò ṣe é pẹ̀lú ìwà búburú. Ó kù díẹ̀ kí ẹran tán, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan ìyókù ni, ó bá gbé gbogbo rẹ̀ dà sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà, omi lára rẹ̀. Òróró hó, ó ru sókè, ó kún jáde, ó ṣàn wọ inú iná. Agbada gbiná. Ó kígbe, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń ṣe kí orí tó ronú. Ó bu omi, ó dà á lé e.

Mọ́ríátù wà nínú rákà kejì ìrun rẹ̀. Ó gbọ́ ìró iná náà kó tó gbọ́ igbe. Ìró yẹn, kò gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó já ìrun náà. Ó sáré, òun tí orúnkún ń dùn.

Iná ti kan páànù òkè. Òróró tó dà sílẹ̀ ń jó lọ ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dorí kọ igi ìdáná. Ó ṣí igbá lórí garawa, ó bọwọ́ sí i. Òfìfo ni. Ó tún bọwọ́ sí i bí ẹni pé ojú ló ń tàn án. Kò sí àpò. Kò sí iyanrìn. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọmọrí irin, ẹran Màríámọ̀ dà sórí erùpẹ̀. Ó fi ìró rẹ̀ di ọwọ́, ó gbé ọmọrí náà, ó ti ẹ̀gbẹ́ yọ sí agbada, ó sì fi dé e pa. Iná inú agbada kú lójú ẹsẹ̀.

Ti ilẹ̀ kò kú. Ó ti dé ìdí igi.

"Màmá, ẹ jáde! Ẹ jáde níbẹ̀!" Jàlálù ló ń sáré bọ̀. "Kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn igi! Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò!"

Mọ́ríátù kò bi í ní kẹ́ẹ̀gì wo. Nítorí ó rí ohun tí Jàlálù kò tíì rí: Hàfúsátù, tó wá jí ẹran gbígbóná mú, dúró gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ là, kò lè kígbe, etí apá aṣọ ọdún rẹ̀ sì ń jó. Ó gba inú ooru náà kọjá, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó fi ara rẹ̀ pa iná aṣọ náà, ó sì gbé e jáde. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló rìn. Ní ìkẹwàá, ẹ̀yìn wọn mọ́lẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì ti yọ́. Iná gbé ilé ìdáná láti ilẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èéfín dúdú sì yọ lókè rẹ̀ bí òpó. Ọparun ni wọ́n fi ṣe òpó àti ìdábùú ilé ìdáná náà. Ẹni tó bá mọ ọparun mọ̀ pé kì í jó ní jẹ́ẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ inú oríkèé rẹ̀ ni yóò gbóná títí yóò fi bẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́.

Gbàù! Gbàù, gbàù!

"Màmá àgbà, ìbọn ni?" ni Hàfúsátù bi í.

"Rárá. Ọparun ni."

Ṣùgbọ́n òun àti ọmọ náà nìkan ló gbọ́ ìdáhùn yẹn.

Ọláṣùmbọ̀ ti fo ọgbà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mọ́ríátù dúró láàárín àgbàlá, ó ń pàṣẹ: "Ẹ fi agbada sílẹ̀! Ẹ má kan ọmọrí yẹn! Ara ògiri ilé ni kí ẹ da omi sí. Ẹ fa páànù yẹn lulẹ̀ kó má kan àjà ilé. Erùpẹ̀ ni fún ti ilẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀!" Ọláṣùmbọ̀ wo ọwọ́ ọmọ náà tó ti pọ́n tó sì ń lé ròrò, ó ní, "Ẹyin ni, ẹ jẹ́ n lọ mú ẹyin wá, tàbí epo pupa."

"O ò ní fi ẹyin kan ọmọ mi lára. Kì í ṣe àkàrà. Fọláyẹmí, dákẹ́ ẹkún. Máa da omi tútù lé e, díẹ̀díẹ̀, má dúró. Kó tó ìgbà tí o lè fi gún iyán kó o tó ṣíwọ́. Lẹ́yìn náà, ọsibítù."

Ìgbà yẹn ni igbe náà dé láti inú ìlú.

"Wọ́n ti yìnbọn o! Ìfọ́n ti dé o! Wọ́n ti ń sunlé lọ́nà Ìfọ́n!"

Fóònù dún lára Mọ́ríátù. Màríámọ̀ ni.

"Mọ́ríátù! O wà láàyè? Ìbọn wo là ń gbọ́? Èéfín wo la rí yẹn?"

"Ilé ìdáná mi ló jó, ẹ̀gbọ́n mi. Òróró ni. Kò sí ìbọn."

"Àwọn ọmọ níbí ti ń kó ara wọn jọ o. Wọ́n ní Ìlobù ló fẹ́ ká wa mọ́lé lọ́jọ́ ọdún."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Mo ti ń sọ. Bí àwọn tọ̀dọ̀ yín ò bá yọ lójú títì, wọ́n lè gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá yọ pẹ́rẹ́n…"

Wọ́n ti yọ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀dọ́ wọ inú àgbàlá náà pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn àti àdá lọ́wọ́. Oyèdìran ló ṣáájú wọn, kápẹ́ńtà ni, wọ́n sì ti sun ilé bàbá rẹ̀ nínú ìjà ọdún tó kọjá. Ó rántí láti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ kú ewu. Ẹni mélòó ni wọ́n? Ibo ni wọ́n gbà?"

"Ẹnì kankan ò wá, Oyèdìran. Òróró ló gbiná mọ́ wa lọ́wọ́."

"Òróró kì í yìnbọn, Màmá."

"Ọparun ló ń bẹ́."

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ Ìfọ́n ṣáà ni wọ́n. Ṣé wọ́n máa sọ pé ilé bàbá àwọn ló dáná sun ilé ọkọ àwọn ni?" Àwọn kan fọwọ́ sí i. Oyèdìran gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó fa afẹ́fẹ́ sínú imú.

"Bẹntiróò ni mò ń gbóòórùn," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Màmá, láti kékeré la ti mọ̀ yín. Bẹntiróò kì í sún mọ́ ilé yín. Ẹ ti lé èmi gan-an lọ rí nítorí ọ̀kadà tí mo gbé wọ àgbàlá yìí. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Ìlobù, ibí nìkan ni a lè búra pé epo ò sí. Ta ló wá mú èyí wá, bí kì í bá ṣe ẹni tó jù ú wọlé?"

Gbogbo ìṣọ́ra tí Mọ́ríátù fi ṣe ayé rẹ̀ ló dìde dúró yìí, tó ń jẹ́rìí èké. Bí ó bá ní òun ló gbé epo náà wá, wọn ò ní gbà á gbọ́; wọ́n á ní ó ń bo àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dá wọn dúró.

Oyèdìran náà ti yíjú sí ẹni náà. "Jàlálù. Ọmọ Ìlobù ni ẹ́, ẹgbẹ́ mi sì ni ẹ́. Kí lo rí?"

Jàlálù ń wo ọmọ rẹ̀. Omi ń ṣàn lọ́wọ́ Hàfúsátù sínú abọ́, Fọláyẹmí kò sì gbójú sókè. Ètè Jàlálù là, ó sì pa á dé.

"Mo wà níwájú ilé," ló sọ. "Mi ò mọ̀."

Mọ́ríátù wo ẹnu náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni, lọ́dún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì nìyẹn gẹ́lẹ́. Lójú títì, àwọn kan ti ń dorí kọ ọ̀nà Ìfọ́n.

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè dé ìgúnpá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí apá yẹn rí.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló wí, kò sì pariwo. "Iléyá àkọ́kọ́ mi nínú ilé yìí ló jó. Èmi ni mo da omi sí òróró. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wá di ẹrù náà lé arúgbó kan lórí, ẹni tó fẹ́ràn mi. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ìkíni nìkan ni wọ́n fi dù ú, ó sì fi ọdún méjì kú ikú rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó. Iná tó jó apá yìí ti san láàárín oṣù mẹ́ta. Èyí tí mo panu mọ́ lé lórí ń jó títí dòní." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Arúgbó kan lèmi pa, Jàlálù. Ìwọ, ka iye àdá tó wà níbí. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Omi ń kán sínú abọ́ lọ́wọ́ Fọláyẹmí.

Jàlálù mú ọkọ́ lára ògiri. Ó wọ inú eérú tó ṣì ń rú èéfín náà lọ, ó fi ọkọ́ wa ẹ̀yìn ibi tí igi wà, ó sì wọ́ ohun kan jáde sí iwájú Oyèdìran. Ìdí kẹ́ẹ̀gì ni, ó ti yọ́ pẹlẹbẹ bí ìgbẹ́ màlúù, àpò ìdọ̀họ tó jóná sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Èmi ni mo gbé e wá láti Ìbàdàn," ló sọ. "Wọ́n ní kí n gbé e sí ìdí igi kajú, mo gbé e pamọ́ síbí. Àpò tó yẹ kí wọ́n fi pa iná ni mo fi bò ó. Iyanrìn wọn, èmi ni mo rọ́ ọ sórí ẹ̀jẹ̀ àgbò. Kò sí ọmọ Ìfọ́n kankan níbí. Ọmọ tèmi ló jó."

Oyèdìran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi orí àdá yí kẹ́ẹ̀gì náà padà. Ó wo òpó ọparun kan tó kù lóòró, tí iná ń jẹ lọ sókè. "Gbogbo ìró yẹn, ọparun ni?"

Kó tó pa ẹnu dé, oríkèé tó kù lára òpó náà bẹ́: gbàù! Ọgbọ̀n ọkùnrin bẹ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọdún rẹ̀.

"Ẹ wo àwọn ológun wa!" ni Ọláṣùmbọ̀ kígbe. "Ọparun ti ṣẹ́gun yín! Ẹ dìde kí ẹ lọ fọṣọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oyèdìran kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti Jàlálù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá imú mọ́ ọn. "Mo fẹ́ nà ẹ́. Kó o mọ̀ pé mo fẹ́ nà ẹ́." Ó ju àdá sílẹ̀, ó sì rán ẹni méjì sáré lọ pe àwọn tó wà lójú títì padà. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú Mọ́ríátù. "Màmá, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jẹ́ n bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi."

Màríámọ̀ gbé e kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ kú ọdún, Màmá," ni Oyèdìran wí. "Oyèdìran kápẹ́ńtà ni, ní Ìlobù. Iná ilé ìdáná ni. Mo ti fojú mi rí i. Ẹnì kankan ò bọ̀ láti ibí. Ẹ gbé mi sétí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ohùn ọkùnrin kan wá láti òdìkejì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ṣókí, bí àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ìparí, ọkùnrin náà ní, "Kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn," Oyèdìran sì ní, "Àmín."

Jàlálù gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, Fọláyẹmí mú igbá omi dání, ó ń dà á lé ọwọ́ náà lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi sí i. Nígbà tí wọ́n ní omi nìkan, ó ní àpá lè má pọ̀.

Mọ́ríátù kírun rẹ̀ tó já. Ó ṣa ẹran tó dà sórí erùpẹ̀, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún un sè lórí ààrò Ọláṣùmbọ̀. Ó pín in sí abọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, òun àti Jàlálù rìn lọ sí Ìfọ́n ní òwúrọ̀. Jàlálù ló ru abọ́ méjèèjì. Wọ́n yà sílé Màríámọ̀, wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀, wọn kò sì jókòó pẹ́. Jàlálù bi í ní ibi tí èkejì ń lọ.

"Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ ilé náà. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì."

Ilé alámọ̀ kan ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti hewú jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ wọ́n. Mọ́ríátù gba abọ́ lórí ọmọ rẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ẹ kú ojúmọ́ o," ló wí. Ó dúró.

"Ẹ kú ojúmọ́, Màmá," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ẹ dìde. Kí ló dé?"

Mọ́ríátù kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.